Ògiri ilé ló ń fún mi ní ikọ́, ọdún kẹta rèé: ta ni irú ẹ̀ ti ṣe rí?

Àbẹ̀kẹ́_SE · 8 November 2025, aago 2:34 òru

Ẹ kú àìsùn o, ẹ̀yin ará ilé. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ níbí láì dá sí i, ṣùgbọ́n oorun kọ̀ lálẹ́ yìí. Ìrọ̀rí mẹ́ta ni mo fi ti ẹ̀yìn, torí tí mo bá sùn gbalaja báyìí àyà mi á bẹ̀rẹ̀ sí í dún fíì fíì bíi fèrè ọmọdé.

Gúúsù ìlà-oòrùn London la wà, èmi, ọkọ mi, àwọn ọmọ méjì, fláàtì oníyàrá méjì lórí àjà kejì, ilé housing association ni, ìyẹn ẹgbẹ́ tó ń fi ilé háyà láì wá èrè, kì í ṣe ti aládàáni. Ìgbà ooru 2022 la kó wọlé, funfun kinniwin ni gbogbo ògiri, òórùn ọ̀dà tuntun gba gbogbo ilé kan, inú mi ń dùn. November tó tẹ̀lé e ni nǹkan dúdú kan yọ ní kọ̀rọ̀ yàrá wa lẹ́yìn wọ́dúróòbù, tó tò tó tò, bí ìgbà tí èèyàn fi orí èédú tẹ ògiri. Mo fi búlíìṣì nù ún, ó lọ. Ọ̀sẹ̀ kẹta ó ti padà, ó sì fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Móòdù ni wọ́n ń pè é níbí, bí búrẹ́dì ṣe máa ń bu gẹ́lẹ́ ni ògiri mi ṣe bu.

Ikọ́ yẹn náà, bí ọ̀fìnkìn lásán ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n fún mi ní antibiotics láàárín ọdún kan, á lọ fún ọjọ́ mélòó kan, á tún padà. Wọ́n wá ní ikọ́ fée ni, wọ́n kó ínhélà búlúù (fún ìgbà tí èémí bá há) àti búráùn (ti ojoojúmọ́) fún mi. Èmi tí mi ò ní ikọ́ fée rí láti kékeré, mo ti lé ní ọdún mẹ́rìndínlógójì! Báyìí tí mo bá gun àtẹ̀gùn ilé wa mo gbọ́dọ̀ dúró lẹ́ẹ̀mejì kí n tó débẹ̀, níbi iṣẹ́ wọ́n ti kọ ìwé sí mi nítorí ọjọ́ tí mi ò wá.

Ohun tó wá ń yí mi lọ́kàn ni pé nígbà tí a lọ ṣe Kérésì 2023 ní Abẹ́òkúta, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, nínú ọyẹ́ pẹ̀lú gbogbo eruku ẹ̀, mi ò fọwọ́ kan ínhélà búlúù yẹn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Alẹ́ Sunday la padà dé London, aago mẹ́ta òru mo ti ń wúkọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo fa àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì jáde, àlàárì ìgbéyàwó mi ló wà níbẹ̀, èyí tí mọ́mì mi lọ fúnra wọn rà ní Ìsẹ́yìn. Mo ṣí i, ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé ti bo ìṣẹ́po ẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ń rùn bí ilẹ̀ abẹ́ igi tó ti jẹrà. Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, mo sunkún. Aṣọ tí mo dì sínú nylon ló rí báyìí, èmi tí mò ń fi imú mí i ńkọ́?

Mo ti pe àwọn onílé títí. Ọkùnrin tí wọ́n rán wá wo ìkòkò ọbẹ̀ mi lórí iná, ó ní a ń se oúnjẹ jù, a ń sá aṣọ nínú ilé, ká máa ṣí fèrèsé. Wọ́n kun ọ̀dà lé e lórí, wọ́n lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí irú ẹ̀ bá ti ṣe rí, kí lẹ ṣe? Ṣé àìsàn yìí lè lọ tí a bá kúrò níbẹ̀, àbí mo ti gbà á dọjọ́ alẹ́?

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Leeds · 8 November, 7:10 àárọ̀

Pẹ̀lẹ́ o àǹtí mi. Ọ̀rọ̀ àpótí yẹn wọ̀ mí lára. Mi ò ní ìdáhùn kan tó jinlẹ̀, mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé kì í ṣe pé ẹ ń ṣe àṣejù. Ìyàwó mi náà, ọdún méjì la fi ń gbọ́ pé ẹ ń se oúnjẹ jù, ẹ ń se oúnjẹ jù, bí ẹni pé àwọn òyìnbó tó wà lókè wa kì í se tiwọn.

Nọ́ọ̀sì_Dúpẹ́ · 8 November, 1:25 ọ̀sán

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ẹ kú ìrọ́jú. Wọ́ọ̀dù àwọn alárùn ẹ̀dọ̀fóró ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Manchester, mi ò lè sọ ohun tó ń ṣe yín láti ibi, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tẹ́ ẹ bá wúkọ́ jáde, irú àwọ̀ wo ló ní? Ṣé ó máa ń jáde ní kókó kókó, tó ní àwọ̀ búráùn bí ìdọ̀tí inú tíì, tó le díẹ̀? Ṣé ibà máa ń wà ńbẹ̀?

Ìdí tí mo fi ń bèèrè ni pé móòdù wà níbi gbogbo, gbogbo wa là ń mí i símú lójoojúmọ́, ọ̀pọ̀ èèyàn ara wọn á kàn tú u dànù. Ìyàtọ̀ ni pé nínú ilé tí ọ̀rinrin wà ó máa ń pọ̀ kọjá ààlà, ẹni tó bá sì ní ikọ́ fée tàbí tí ara ẹ̀ kì í gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ńṣe ni ara á máa bá a jà láìsinmi. Kì í ṣe àhesọ o, WHO, àjọ ìlera àgbáyé, fúnra wọn gbé ìwé ìlànà jáde ní 2009 lórí ọ̀rinrin àti móòdù inú ilé, wọ́n sọ ọ́ níbẹ̀ pé àwọn tó ń gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ ni ikọ́, àyà tó ń dún àti ikọ́ fée máa ń bá jà jù.

Móòdù kan wá wà tó ń jẹ́ Aspergillus. Nínú àwọn tó ní ikọ́ fée, ó lè wọ inú ọ̀nà èémí kó jókòó síbẹ̀, kí ara máa wú sí i, orúkọ àìsàn yẹn ni ABPA. Wọ́n máa ń ṣì í mú fún kòkòrò lásán, wọ́n á máa fún èèyàn ní antibiotics, kò sì sí ohun tí antibiotics fẹ́ ṣe fún móòdù. Ẹ lọ bá GP yín (dókítà àdúgbò), ẹ ní ẹ fẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ total IgE àti IgE ti Aspergillus (IgE ni èròjà ẹ̀jẹ̀ tó máa ń pọ̀ tí ara bá ń kọ nǹkan), kí wọ́n fi yín ránṣẹ́ sí chest clinic (ilé ìwòsàn àyà). Ẹ má sọ pé ikọ́ ń ṣe mí nìkan. Ẹ sọ pé ilé mi bu, pé nígbà tí mo kúrò níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ara mi balẹ̀. Ọ̀rọ̀ Abẹ́òkúta yẹn ló níye lórí jù nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ.

Ẹ gba peak flow lọ́wọ́ wọn pẹ̀lú, ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn bí èémí yín ṣe lágbára tó, ẹ máa fẹ́ ẹ láàárọ̀ àti lálẹ́, kẹ́ ẹ máa kọ nọ́ńbà ẹ̀ sílẹ̀. Tí ínhélà búlúù ò bá ṣiṣẹ́, tẹ́ ò lè sọ̀rọ̀ parí láì mí hẹlẹ, 999, nọ́ńbà pàjáwìrì, ni kẹ́ ẹ pè o, ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́.

Ìyá_Rẹ̀mí_Agége · 8 November, 4:02 ìrọ̀lẹ́

Ọmọ mi, Olúwa á wò ẹ́ sàn. Ní tiwa níbí tí òjò June July bá ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo aṣọ inú wọ́dúróòbù á bu. Ohun tí mo máa ń ṣe ni kánfọ̀, mo máa ń dà á sí gbogbo kọ̀rọ̀ àti àárín aṣọ, tí ti ògiri bá wá pọ̀, mo máa ń po Hypo pọ̀ mọ́ ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ ṣáláńgá, ẹ̀ẹ̀kan náà ló máa lọ. Gbìyànjú ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Dúpẹ́ · 8 November, 4:19 ìrọ̀lẹ́

Mọ́mì, ẹ má bínú, ìfẹ́ lẹ fi sọ ọ́, mo mọ̀, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín pẹ̀lú ọlá Ọlọ́run kí ẹnikẹ́ni má ṣe ìyẹn. Hypo tàbí búlíìṣì yòówù tó bá pàdé ásíìdì, gáàsì chlorine ló máa jáde, nínú bálùwẹ̀ tó há ó lè pa èèyàn tí èémí ẹ̀ dá ṣáká, ká má tíì sọ àǹtí yìí. Kánfọ̀ náà, kò lé móòdù lọ, òórùn ẹ̀ ló kàn bo òórùn. Ó sì léwu fún ọmọ ọwọ́ tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ kò ní èròjà G6PD tó, ìyẹn sì wọ́pọ̀ lára àwa Yorùbá gan-an, ẹ wọ aṣọ tó ti wà nínú kánfọ̀ fún un báyìí, ojú ọmọ á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ẹ̀jẹ̀ á máa tú nínú ara ẹ̀. A ti gba irú ẹ̀ sílé ìwòsàn rí nígbà tí mo ṣì wà ní Nàìjíríà.

Ìyá_Rẹ̀mí_Agége · 8 November, 5:40 ìrọ̀lẹ́

Yéè! Mi ò mọ̀ o. Ọmọ-ọmọ mi wà nílé báyìí, mo ti lọ kó gbogbo ẹ̀ jáde. Ọlọ́run á bù kún ẹ.

Bíríkìlà_Ìbàdàn · 9 November, 6:15 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ gbogbo ilé. Iṣẹ́ ilé kíkọ́ ni mò ń ṣe, ó ti lé ní ogún ọdún, ẹ jẹ́ kí n dá sí i láti ọ̀dọ̀ ògiri.

Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Dúdú tẹ́ ẹ̀ ń nù yẹn ni làpálàpá. Omi ni ẹ̀tẹ̀. Níbi tí omi ò bá sí, móòdù ò lè hù, ì báà jẹ́ ààfin ì báà jẹ́ ahéré. Torí náà ẹ má bèèrè pé kí ni mo lè fi nù ún, ẹ bèèrè pé níbo ni omi ti ń wá.

Ọ̀nà mẹ́ta ló sì máa ń gbà wá. Èkíní ń ti ilẹ̀ gùn ògiri, torí pé ẹni tó kọ́lé ò tẹ́ nylon DPC (èyí tó ń dínà omi ilẹ̀) sí ìsàlẹ̀ búlọ́ọ̀kù, a rí i púpọ̀ ní Ìbàdàn níbí àti láwọn ibi àbàtà l'Ékòó. Ìyẹn kì í sábà ga ju mítà kan àti díẹ̀ lọ, ẹ wà lórí àjà kejì, ẹ yọ ìyẹn kúrò. Èkejì ni oru inú ilé, omi ìwẹ̀, omi ọbẹ̀, èémí èèyàn, tó ń lọ di omi lára ògiri tútù. Ìyẹn máa ń wà létí fèrèsé àti lẹ́yìn ẹrù tó lẹ̀ mọ́ ògiri. Ẹ̀kẹta ń wọlé láti ìta, páìpù tó bẹ́, gọ́tà òrùlé tó là, sìmẹ́ńtì tó ti jẹ. Ìyẹn máa ń ní ìlà búráùn yí etí ẹ̀ po, ọ̀dà á wú, tẹ́ ẹ bá fi ìka tẹ̀ ẹ́ ògiri á rọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe ò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ fa wọ́dúróòbù yẹn kúrò lára ògiri, ẹ mú pẹ́nsùlù, ẹ fa ìlà yí etí dúdú náà ká, ẹ kọ déètì sí i. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin márùn-ún ẹ tún fa òmíràn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀ àti lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá sè tẹ́ ẹ bá wẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn òjò ló ń fẹ̀, ọbẹ̀ yín ò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Tí mo bá sì ti wà níbẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, ẹ dẹ́kun fífi táìsì àti POP bo ògiri tó ń fa omi. Omi ò ní lọ, á kàn gùn ju táìsì lọ ni, á yọ lókè. Èmi náà ti gba irú owó yẹn rí nígbà tí mo ṣì kéré nídìí iṣẹ́, ó ń dùn mí títí di òní torí ọmọdé wà nínú ilé yẹn.

Tọ́lá_M6 · 9 November, 11:48 àárọ̀

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ẹ gbọ́ o, òfin tuntun ti wà. Ṣé ẹ rántí ọmọ kékeré tó kú ní Rochdale, Awaab Ishak? Ọmọ ọdún méjì, àwọn òbí ẹ̀ wá láti Sudan, December 2020 ló kú, nígbà tó di November 2022 coroner, adájọ́ tó ń wádìí ikú, là á mọ́lẹ̀ pé móòdù inú fláàtì wọn ló pa á. Bàbá ẹ̀ ti ń ké láti 2017, wọ́n ní kó kun ọ̀dà lé e. Wọ́n tún ní bí wọ́n ṣe ń fi báàkẹ́ẹ̀tì wẹ̀ ló fà á. Báàkẹ́ẹ̀tì tí gbogbo wa fi ń wẹ̀! Lọ́jọ́ tí mo gbọ́ ìyẹn lórí redio, mo pa ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Òfin tó ń jẹ́ orúkọ ọmọ náà, Awaab's Law, bẹ̀rẹ̀ ní England ní 27 October 2025 fún àwọn ilé káńsùlù (ìjọba ìbílẹ̀) àti association. Tó bá jẹ́ ewu pàjáwìrì, wákàtí 24 ni wọ́n ní. Tó bá jẹ́ móòdù tó lè ṣe ìpalára gidi, wọ́n gbọ́dọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 10, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí fún yín láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 3 lẹ́yìn náà, kí wọ́n mú ewu kúrò láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 5 lẹ́yìn àyẹ̀wò náà. Tí wọn ò bá lè ṣe é lásìkò yẹn, àwọn ni kí wọ́n fi owó ara wọn wá ibòmíràn tẹ́ ẹ máa gbé. Tí wọn ò bá dáhùn, ẹ gba ọ̀dọ̀ Housing Ombudsman lọ, àwọn tó ń gbọ́ ẹjọ́ ayálégbé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé aládàáni, òfin yìí kò tíì dé ọ̀dọ̀ yín, environmental health (àwọn wolé-wolé) ti káńsùlù yín ni kẹ́ ẹ pè.

Ẹ má pè wọ́n lórí fóònù mọ́. Ẹ kọ ìmeèlì. Ẹ kọ ọ́ gbangba pé ọmọdé wà nínú ilé, pé ẹ ní àìsàn ẹ̀dọ̀fóró, kẹ́ ẹ so fótò mọ́ ọn.

Ọmọ_Pásítọ̀ · 10 November, 9:30 alẹ́

Mo fẹ́ sọ èyí pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Nígbà tí irú ẹ̀ ṣe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, àwọn èèyàn wa ní ìjọ ní ogun ilé bàbá ni, pé ìdí tí dókítà fi ń wò ó tí kò rí nǹkan kan nìyẹn. Ó gbààwẹ̀ ọjọ́ 21 nínú yàrá tó bu yẹn gan-an, ilẹ̀kùn títì, wọ́n gbé e dìde níbẹ̀ lọ sílé ìwòsàn.

Ọjọ́ tí mo ka Léfítíkù orí 14 ni ojú mi là. Ilé tí àmì bíi ewé tàbí pupa bá yọ lára ògiri ẹ̀, ẹ lọ kà á. Kí àlùfáà tó wọlé, ó ní kí wọ́n kó gbogbo ẹrù jáde. Ó wo ògiri. Ó ti ilé pa fún ọjọ́ méje, ó padà wá, tó bá ti ràn, kí wọ́n yọ òkúta ibẹ̀, kí wọ́n ha gbogbo inú ilé, kí wọ́n fi amọ̀ tuntun rẹ́ ẹ. Tó bá tún yọ, kí wọ́n wó ilé náà. Níbi tí mo kà á dé, àlùfáà ò sọ fún onílé pé ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀ ló fà á. Mo gbàgbọ́ nínú àdúrà tọkàntọkàn, mo ṣì ń gbà á fún ẹ̀gbọ́n mi, ṣùgbọ́n a gbà á lẹ́yìn tí a ti gbé e kúrò níbẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́_SE · 20 November, 10:05 alẹ́

Ẹ má bínú pé ẹ ò gbúròó mi. Ilé ìwòsàn ni mo wà láti ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún títí di àná. Peak flow mi tó máa ń wà ní 380 nígbà tí ara mi le, 190 ni mo fẹ́ láàárọ̀ Saturday yẹn, mo rántí ohun tí nọ́ọ̀sì sọ, a pe 999. Mo sì ti kọ ọ̀rọ̀ Abẹ́òkúta sínú ìwé kan tẹ́lẹ̀, ọkọ mi fún dókítà torí mi ò lè sọ̀rọ̀.

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n ya àwòrán CT. IgE mi lé ní 2,000, ti Aspergillus náà ga. ABPA ni. Nígbà tí dókítà obìnrin yẹn sọ ọ́, mo ní kó tún un sọ. Ọdún mẹ́ta. Mi ò mọ̀ bóyá kí n yọ̀ ni àbí kí n bú sẹ́kún, ọkọ mi ló bú sẹ́kún, torí òun náà ti sọ fún mi rí pé bóyá mò ń ro àìsàn lé ara mi. Ó kúnlẹ̀ níwájú bẹ́ẹ̀dì. Mo ti dárí jì í, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kọ ọ́ síbí torí mo mọ̀ pé ẹlòmíràn ń kà á tí ọkọ tàbí ìyá ọkọ ẹ̀ ń pè é ní ọ̀lẹ.

Bọ̀dá Bíríkìlà, ẹ gbọ́. Ọjọ́ kẹsàn-án ni mo fa ìlà àkọ́kọ́. Mo fa èkejì lọ́jọ́ kẹrìnlá. Nígbà tí mo wà lọ́sibítù, ọkọ mi kó àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ àbúrò ẹ̀, ọjọ́ mẹ́rin ẹnikẹ́ni ò sùn nílé, ẹnikẹ́ni ò dáná, ẹnikẹ́ni ò wẹ̀. Òjò rọ̀ lọ́jọ́ méjì nínú ẹ̀. Mo dé láná, dúdú yẹn ti fi ìka mẹ́ta kọjá ìlà, ìlà búráùn sì wà létí ẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe sọ. Mo ya fótò pẹ̀lú rúlà. Mo ti fi ìmeèlì ránṣẹ́ láti ọjọ́ kejìlá bí Tọ́lá ṣe ní kí n ṣe é, mo tún fi fótò yìí àti lẹ́tà dókítà kún un lálẹ́ yìí.

Nọ́ọ̀sì_Dúpẹ́ · 21 November, 6:50 àárọ̀

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé ẹ wà. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti fún yín ní prednisolone (oògùn steroid tó ń mú wíwú rọlẹ̀), bóyá itraconazole (oògùn tó ń pa móòdù) náà. Ẹ má dá prednisolone dúró lójijì nítorí pé ojú yín wú tàbí oúnjẹ ń wù yín jẹ ní òru, dókítà ló máa ń dín in kù díẹ̀díẹ̀, ẹni tó bá fà á já ara ẹ̀ lè dákú. Ó lè gbé ṣúgà sókè, ẹ ní kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò. Tí itraconazole bá jẹ́ kápúsù, ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó lò ó; tó bá jẹ́ olómi, inú òfìfo ni. Tẹ́ ẹ bá ń lo omeprazole fún ọgbẹ́ inú ẹ sọ fún wọn, kì í jẹ́ kí kápúsù yẹn wọra dáadáa. Ó sì máa ń bá àwọn ínhélà kan jà, ẹ ka orúkọ gbogbo oògùn yín fún pharmacist. Kí ẹnikẹ́ni má fún yín ní àgbo nísinsìnyí, ẹ̀dọ̀ yín ló ń ṣiṣẹ́ lórí itraconazole, ẹ má di ẹrù méjì lé e.

Ìbéèrè yín àkọ́kọ́, pé ṣé á lọ. Mi ò ní parọ́ fún yín. Kíkúrò nínú ọ̀rinrin máa ń mú kó rọlẹ̀ gan-an, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń wà fún ìgbà pípẹ́ láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n ó lè padà jí, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí clinic yọ yín sílẹ̀.

Baba_Rere_Houston · 22 November, 3:14 òru

Ẹ kú ewu àǹtí. Lọ́dọ̀ tiwa, ìkún omi Harvey ló wọ ilé ní August 2017. A fọ ilẹ̀, a tan fáànù, a rò pé ó ti gbẹ, inú drywall (pátákó ògiri) ló wà tó ń hù. Ohun tó bá ti rin gbọ́dọ̀ gbẹ láàárín ọjọ́ kan sí méjì, tó bá ti kọjá ìyẹn, ẹ gé e dànù, kò sí ohun tẹ́ ẹ lè fi wẹ̀ ẹ́. Fóòmù tẹ́ ẹ̀ ń sùn lé náà, ẹ jù ú sọnù, mo mọ̀ pé owó ni. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ha ògiri nígbà tẹ́ ẹ wà nínú ilé, ìgbà tí wọ́n bá ń ha á gan-an ni eruku ẹ̀ ń fò jù. Èmi dúró wò wọ́n láìbo imú, ó di iṣẹ́ abẹ imú fún mi.

Bíríkìlà_Ìbàdàn · 22 November, 6:02 àárọ̀

Àǹtí, ìta ni. Ẹ sọ fún ẹni tó bá wá pé kó gun òrùlé, kó tọpa páìpù òjò tó gba ẹ̀yìn ògiri yẹn kọjá. Kó má jókòó sínú yàrá máa fi ẹ̀rọ kan ògiri nìkan.

Àbẹ̀kẹ́_SE · 2 March 2026, 8:20 alẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ṣèlérí fún Tọ́lá pé mo máa wá sọ bó ṣe parí.

Ọjọ́ iṣẹ́ kẹsàn-án ni surveyor tí wọ́n rán wá yẹ ilé wò dé, obìnrin kan, ó fara balẹ̀. Mo fi àwọn ìlà pẹ́nsùlù hàn án, déètì mẹ́rin, mo fi ìwé ilé ìwòsàn hàn án pé kò sẹ́ni nílé lọ́jọ́ wọ̀nyẹn. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé àkàbà wá. Páìpù òjò tó gba ẹ̀yìn yàrá wa kọjá ti là lójú ìsopọ̀, ó ṣeé ṣe kó ti pẹ́ ju ìgbà tí a kó wọlé lọ, gbogbo òjò orí òrùlé ń ṣàn sínú ògiri. Kò sí ẹni tó dárúkọ ọbẹ̀ mọ́. Wọ́n kó wa lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì, ó lé ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún, wọ́n ha pílásítà yẹn títí dé bíríkì, wọ́n fi ẹ̀rọ gbẹ ẹ́, wọ́n rẹ́ ẹ ní tuntun, wọ́n fi fáànù sí kíṣìnì àti bálùwẹ̀.

Ní ti ara mi, mi ò tíì padà sí bí mo ṣe wà. Prednisolone ti dín kù sí kékeré, ojú mi ti ń rọ̀. Peak flow mi wà láàárín 340 sí 370. Ṣùgbọ́n mo lọ sí ìsọmọlórúkọ kan lóṣù tó kọjá, wọ́n tan tùràrí, mo ní láti jáde síta nínú òtútù kí n fa ínhélà, wọ́n ń jó nínú ilé, mò ń gbọ́ ìlù láti ìta. Irú ẹ̀ la ó máa bá yí. Mo ti sọ fún ọ̀gá mi níbi iṣẹ́, mo fún un ní lẹ́tà clinic, ó fa ìwé tí wọ́n kọ sí mi nígbà yẹn ya.

Mo ra ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ọ̀rinrin, owó ẹ̀ ò tó pọ́n-ùn mẹ́wàá, ó máa ń wà ní 82% tẹ́lẹ̀ nínú yàrá yẹn, ní báyìí 50% sí 55% ni. Ọmọ mi ọkùnrin ló ń kà á fún mi láàárọ̀ kó tó lọ síléèwé. Wọ́dúróòbù jìnnà sí ògiri tó ọwọ́ kan. Àlàárì mi, mo sá a sí bákónì nínú oòrùn, mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn gbogbo ẹ̀ pẹ̀lú ìbòmú lójú, ìyẹ̀fun yẹn lọ ṣùgbọ́n àmì ẹ̀ ò kúrò lójú ìṣẹ́po, òórùn ẹ̀ náà ò sì kúrò. Mo pe mọ́mì. Wọ́n ní kí n má fi sínú ilé pẹ̀lú àyà tó ń ṣe mí yẹn, pé aṣọ òkè ò tán n'Ísẹ́yìn. Mo gé etí kan tó mọ́ nínú ẹ̀, kékeré, mo gbé ìyókù síta.

Ní gbogbo Sunday mo máa ń tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn wọ́dúróòbù. Mo wò ó láná, mo fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án látòkè délẹ̀. Ó gbẹ. Òjò sì ti ń rọ̀ láti Thursday.